Ẹ Má Fi Aró Bo Ojú Olójú

Ẹ̀yin ọmọ mi, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ gbé fóònù sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohun tí àǹtí yín fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ fọ́tò ni. Ìwé ìpè, ìwé ètò ìsìnkú, béńnà ọjọ́ ìbí àti káàdì ìgbéyàwó tí ẹ ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà yìí dùn mọ́ mi púpọ̀, mo sì máa ń fi yín yangàn láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi. Àmọ́ àwọ̀ tí ẹ ń dà sórí fọ́tò ti pọ̀ jù. Ẹ ó fi búlúù bo ìyá olóyè láti orí gèlè dé àtẹ́lẹsẹ̀, tí wọ́n bá bi yín, ẹ ó ní ẹ̀yìn fọ́tò lẹ ń tún ṣe. Ẹ̀yìn wo? Ṣé imú ìyá olóyè náà wà lára ẹ̀yìn ni?

Ẹ wo ìwé ètò kan tí wọ́n pín fún wa níbi òkú àgbà ní Abẹ́òkúta. Ọmọ tó ṣe é gbìyànjú, ẹ má rò pé mo fẹ́ bú u. Ó mú fọ́tò Òkè Olúmọ, ó fi ṣe ẹ̀yìn ìwé, nítorí pé ọmọ Ẹ̀gbá ni olóògbé. Èrò tó mọ́gbọ́n dání nìyẹn. Ó wá da elésè àlùkò lé e lórí, nítorí pé elésè àlùkò ni aṣọ ẹbí. Títí débẹ̀, mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tó ti bà á jẹ́ ni pé búlúù tó ṣú ló fi kọ nọ́ńbà orin àti orúkọ àwọn tó máa ka Bíbélì sórí elésè àlùkò yẹn. Òkúta Olúmọ tó wà nísàlẹ̀ ní tirẹ̀, ibì kan mọ́lẹ̀, ibì kan ṣókùnkùn, lẹ́tà kan hàn, èkejì rì. Bàbá tó fẹ́ dá orin gbé ìwé náà súnmọ́ imú, ó gbé e jìnnà, ó bọ́ gíláàsì ojú, ó tún wọ̀ ọ́ padà. Nígbà tó sú u, ó ní kí á kọ orin tí gbogbo wa mọ̀ lórí. Ẹ̀rín pa àwa tá a jókòó lẹ́yìn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ olóògbé kò rẹ́rìn-ín rárá. Owó gidi ni wọ́n fi tẹ ìwé yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìwọ gíláàsì, ẹ ò lè mọ bí ojú àgbà ṣe rí. Dígí kékeré tó wà nínú ẹyinjú èèyàn máa ń mọ́ gaara nígbà ọ̀dọ́. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, ó máa ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ bọ̀ sí àwọ̀ ìyeyè, á sì máa dí ìmọ́lẹ̀ búlúù lọ́nà. Nítorí náà, búlúù tó ṣú, elésè àlùkò àti dúdú lè di ọ̀kan náà lójú ìyá ẹni 70 ọdún, pàápàá tí iná ṣọ́ọ̀ṣì bá ń ṣe ségesège. W3C, ìyẹn àwọn tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún íntánẹ́ẹ̀tì, ti fi nọ́ńbà sí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ lẹ́tà kéékèèké àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi, ó kéré tán, 4.5 sí 1 yàtọ̀ síra. Tí lẹ́tà bá tóbi, 3 sí 1 tó. Íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ṣe é fún, àmọ́ ojú tó ń ka fóònù náà ló ń ka ìwé ètò. Ẹ fi sọ́kàn, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Kí ẹ má sì rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fi àwọ̀ sí fọ́tò o. Kí wọ́n tó bí ìyá tó bí mi ni wọ́n ti ń ṣe é. Ní 1842, John Herschel, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti rí ọ̀nà tí oòrùn fi ń sọ bébà tí wọ́n fi kẹ́míkà onírin pa lára di búlúù. Fọ́tò tó bá ti ibẹ̀ jáde, búlúù ni látòkè délẹ̀. Àwọn fọ́tò aláwọ̀ búráwùn tí ẹ fi ń ṣe bí ẹni pé ẹ ti pẹ́ láyé lórí fóònù náà, kẹ́míkà ló ń ṣe é láyé ọjọ́un. Sọ́fọ̀ á dàpọ̀ mọ́ sílífà inú fọ́tò, dúdú á di búráwùn, fọ́tò náà á sì tún lálòpẹ́ jù bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ọkọ àǹtí mi, onífọ́tò n'Ìbàdàn, máa ń ṣe é nínú dákúrúùmù rẹ̀, òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ á sì gba gbogbo ilé. Àǹtí mi á lé e síta tòun ti abọ́ kẹ́míkà rẹ̀. Ó ní òun ò lè máa gbóòórùn ẹyin bàjẹ́ nínú ilé tí òun ò ti rí ẹyin jẹ.

Ọkùnrin yẹn ló kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń fi àwọ̀ sí fọ́tò, ó sì ti lọ kó tó fojú kan kọ̀ǹpútà. Nígbà tí fọ́tò aláwọ̀ ṣì wọ́n, àwọn oníbàárà máa ń san owó lé owó kí wọ́n lè bá wọn fọwọ́ kun fọ́tò dúdú àti funfun. Ó ní igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó we òwú mọ́ lórí. Á ti òwú náà bọ inú ọ̀dà, á wá nù ún sára bébà títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kó tó jẹ́ kó kan fọ́tò. Kọ́tìnnì ẹ̀yìn ló máa ń kọ́kọ́ kùn, á máa yí ọwọ́ po, kì í dúró lójú kan kí àmì má baà hàn. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan aṣọ. Tó bá dórí ojú, á mú òwú mìíràn tó mọ́, á fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ díẹ̀, á fi kan ètè díẹ̀, ó parí. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí ẹ̀yìn fi gba àwọ̀ ju ojú lọ. Ó ní, "Ẹ̀yìn ò ní ìyá tó máa wá bá mi jà."

Kì í ṣe òun nìkan. Ní Bìní, Olóyè Solomon Osagie Alonge, tó ya fọ́tò ààfin ọba àti àwọn ará ìlú fún ọ̀pọ̀ ọdún, dá Ideal Photo Studio sílẹ̀ ní 1942, àwọn fọ́tò tí wọ́n fọwọ́ kùn sì wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí Smithsonian ní Amẹ́ríkà ló ń tọ́jú wọn báyìí, wọ́n sì fi wọ́n ṣe àfihàn ní 2014. Ní Bamako, Seydou Keïta ṣí sítúdíò ní 1948, aṣọ bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ta sẹ́yìn àwọn èèyàn. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì lásán! Síbẹ̀ tí ẹ bá wo fọ́tò rẹ̀, ojú èèyàn ni ojú yín máa kọ́kọ́ bá pàdé.

Èyí tó wà nílé tiwa ló tún ya mí lẹ́nu jù. Ní Ìlá Ọ̀ràngún láyé ọjọ́un, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ kí wọ́n tó ya wọ́n pọ̀, onífọ́tò á ya èyí tó kù, á tẹ fọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan ṣoṣo, Táíwò àti Kẹ́hìndé á wá jókòó ti ara wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ takọtabo, èyí tó kù á wọ aṣọ ọkùnrin, wọ́n á yà á. Á wọ ti obìnrin, wọ́n á tún yà á. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn African Arts ní 1978. Kò sí kọ̀ǹpútà, ọwọ́ àti sùúrù ni. Ẹ sì rò ó wò: níbo ni àṣírí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ti máa tú? Ẹ̀yìn ni. Bí àwọ̀ ẹ̀yìn lápá Táíwò bá ṣú ju ti apá Kẹ́hìndé lọ, ìlà á hàn láàárín wọn, ìyá wọn á sì rántí pé ọ̀kan ò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ ẹ̀yìn fọ́tò ò le, kó lọ bi àwọn onífọ́tò Ìlá.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sídìí kọ̀ǹpútà, kí ẹ má ní àǹtí ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀. Photoshop tí gbogbo yín fi ń búra yìí, 1990 ló jáde, iṣẹ́ ọwọ́ Thomas Knoll àti arákùnrin rẹ̀ John ni. Àmọ́ Layer, tó sọ ọ́ di ọ̀gá, 1994 ló tó dé. Kí ó tó dé, ohun tí o bá ti kùn sórí fọ́tò ti di ara fọ́tò nìyẹn. Layer ni ìpele tó dá dúró lórí fọ́tò láìfọwọ́ kan fọ́tò náà. O lè ṣí i kúrò, o lè dín in kù, o lè gbé e sábẹ́ òmíràn. Ẹ wá ní irú nǹkan báyìí lọ́wọ́, ẹ ṣì ń kùn tààrà sórí fọ́tò kan ṣoṣo tí oníbàárà ní! Fọ́tò ìyá tí kò sí láyé mọ́!

Bí owó Photoshop bá ga jù fún yín, kí ló dé tí ẹ ò lo GIMP? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Berkeley, Spencer Kimball àti Peter Mattis, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n gbé e jáde ní 1996, ọ̀fẹ́ ni títí di òní. Dípò ìyẹn, ẹ ó lọ gba Photoshop tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, fáírọ́ọ̀sì á bá a wọlé, á run fọ́tò ìgbéyàwó àwọn èèyàn mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ ó wá máa sá fún oníbàárà. Èmi ò tọ́ ọmọ tó ń sá fún èèyàn.

Bí mo ṣe rí i lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe nìyí. Wọ́n máa ń kọ́kọ́ wo fọ́tò náà dáadáa. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ṣé èèyàn wà níbẹ̀, àbí òkè, àbí ilé bàbá olóògbé nìkan? Ibo ló mọ́lẹ̀, ibo ló ṣú? Ibo ni ọ̀rọ̀ máa wà? Àwọ̀ wo ló ti wà nínú fọ́tò tẹ́lẹ̀ tó lè bá aṣọ ẹbí rìn? Ọ̀pọ̀ yín kì í wo nǹkan kan. Ẹ ó kàn ṣí kọ̀ǹpútà, ẹ ó ti mú àwọ̀ kí fọ́tò tó ṣí tán.

Tí o bá ti wò ó tán, tẹ Duplicate Layer, kí ògidì fọ́tò máa wà nísàlẹ̀ níbi tí ọwọ́ rẹ ò ní kàn án. Lẹ́yìn náà, ṣí ìpele tuntun sókè, da àwọ̀ tí o fẹ́ sínú rẹ̀ kó kún. Ẹ̀rù á kọ́kọ́ bà ọ́, nítorí fọ́tò á pòórá, àwọ̀ nìkan lo máa rí. Má sá. Lọ sí ibi tí wọ́n kọ Mode sí, mú Color. Nínú Color, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji inú fọ́tò á dúró bí wọ́n ṣe wà, àwọ̀ nìkan ló máa yí padà. Òkè Olúmọ á ṣì jẹ́ Òkè Olúmọ, á kàn di aláwọ̀ kan. Bí o bá mú Multiply, iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀. Kọ̀ǹpútà ń fi nọ́ńbà láti 0 dé 255 ka pupa, ewé àti búlúù inú gbogbo àwọ̀; Multiply á fi nọ́ńbà àwọ̀ rẹ ṣe ìlọ́po ti fọ́tò, á sì fi 255 pín in. Nítorí náà, ibi tó funfun á gba àwọ̀ rẹ pátápátá, ibi tó dúdú á wà ní dúdú, gbogbo fọ́tò á sì ṣú sí i. Multiply dára fún fọ́tò tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹni tó bá lò ó fún fọ́tò tó ti ṣú tẹ́lẹ̀, òkùnkùn ló fẹ́ tẹ̀ jáde.

Ọ̀nà kan tún wà fún ẹni tó ń kánjú: Colorize. Ó wà nínú GIMP. Nínú Photoshop, inú Hue/Saturation ni wàá ti fàmì sí i. Á sọ fọ́tò di aláwọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan náà. Kò burú, kò sì pẹ́.

Opacity, ìyẹn bí àwọ̀ ìpele ṣe nípọn tó, ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa, nítorí ọmọ aláró ni mí, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ. Bí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò aró, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di búlúù lójú rẹ. Ìyá mi á gbé e sókè, á jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, á tún rì í. Tó bá rì í lẹ́ẹ̀kan, ó mọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo iṣẹ́ ọnà àdìrẹ tí wọ́n fi ẹ̀kọ yà sí i á hàn ketekete. Tó bá ń rì í lọ tó ń rì í bọ̀, á di dúdú tó ń dán, ẹni tó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ á rà á. Opacity nìyẹn gẹ́lẹ́: 10 ni rírì ẹ̀ẹ̀kan, 100 ni aṣọ tó ti sùn sínú ìkòkò. Ohun tí ẹ fi ju ìyá mi lọ ni pé aṣọ tó bá ti ṣú jù ti ṣú nìyẹn, kò sí bí yóò ṣe padà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lè fa Opacity sẹ́yìn nígbàkígbà. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé 100 ni gbogbo yín máa ń fi í sí? Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí ẹ máa rọra gùn ún, ibi tí àwọ̀ bá ti hàn tí fọ́tò ò sì tíì sọnù, ẹ dúró níbẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ lé e, iṣẹ́ ò tíì tán. Àwọ̀ nìkan ò lè gba lẹ́tà là. Ẹ ṣí ìpele mìíràn, ẹ da funfun sínú rẹ̀, ẹ gbé e sórí èyí tó láwọ̀, kí ẹ wá fi Opacity rẹ̀ sí 75 tàbí 85. Fọ́tò á sún sẹ́yìn, á di òjìji tó láwọ̀, lẹ́tà dúdú á sì dúró lórí rẹ̀ ṣánṣán. Bí òkúta, ewé tàbí páànù ilé bá ṣì ń bá lẹ́tà du ojú, ẹ fi Gaussian Blur pa etí wọn rẹ́ díẹ̀. Nọ́ńbà 4.5 sí 1 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ibí ni ẹ máa ti lò ó. Àwọn ojú ewé wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń bá èèyàn wọ̀n ọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Ibi tó ṣú jù lẹ́yìn lẹ́tà ni kí ẹ wọ̀n tí lẹ́tà bá dúdú. Ẹ má lọ wọn ibi tó dára kí ẹ wá sọ pé ó yege.

Ó kan ojú báyìí, ibẹ̀ sì ni ìjà wà.

Bí èèyàn bá wà nínú fọ́tò, ẹ fi Layer Mask sára ìpele tó láwọ̀. Funfun nínú Mask ń fi àwọ̀ hàn, dúdú ń fi í pa mọ́. Ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì tí etí rẹ̀ rọ̀, ẹ fi dúdú kun ojú, ọrùn, ọwọ́ àti aṣọ ẹni náà nínú Mask, àwọ̀ á sì ká kúrò lára rẹ̀. Bí ọwọ́ bá ṣì í, ẹ fi funfun kùn ún padà, fọ́tò ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Gèlè lẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún jù. Etí gèlè aṣọ òkè ní ìṣẹ́po àti òwú wíwú. Ẹni tó bá ń kánjú á fi búrọ́ọ̀ṣì ńlá gbá a kọjá, ìlà búlúù á yí orí ìyá olóyè ká, á wá dà bí ẹni pé iná gbé e. Ẹ fa fọ́tò náà tóbi títí ẹ ó fi rí òwú, ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì kékeré. Bẹ́ẹ̀ ni, ó máa pẹ́. Ẹ lọ jẹun, kí ẹ padà wá parí rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń ké nìyí: ara dúdú kì í gba búlúù tàbí ewé kó má dà bí ara òkú. Ẹ lè fi ṣe òkúta, ẹ lè fi ṣe òkun, ẹ má fi ṣe màmá àgbà. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara wa lára fọ́tò sì ti pẹ́. Láyé fíìmù, káàdì tí Kodak fi ń ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọ fọ́tò kí wọ́n fi wọn àwọ̀ ara, fọ́tò obìnrin òyìnbó ló wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, Shirley ni wọ́n ń pe káàdì ọ̀hún. Ohun tó bá ti bá ti Shirley mu, wọ́n ní ó tọ́. Tiwa á ṣú títí eyín nìkan á fi kù. Ẹ̀yin ọmọ mi, kọ̀ǹpútà ti wà lọ́wọ́ yín wàyí, kò sí Shirley kankan tó dì yín lọ́wọ́ mú, ẹ tún wá fi ọwọ́ ara yín ń bó àwọn èèyàn. Mo rí béńnà kan tí ojú bàbá ti pọ́n ju ẹ̀pà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó lọ, tí ọwọ́ rẹ̀ tó mú ọ̀pá sì dúdú bí Ọlọ́run ṣe dá a. Ìdílé wọn dúró wo béńnà náà, ẹni kan béèrè bóyá àbúrò bàbá ni. Òòṣà, bí o kò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ṣe bá mi. Ẹ fi ojú olójú sílẹ̀.

Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń fi iṣẹ́ pamọ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín tún ti ń dá ara yín lóró. Nínú GIMP, Save ń fi iṣẹ́ pamọ́ sí XCF, gbogbo ìpele yín á sì wà níbẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. JPEG tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, Export ló ń gbé e jáde, ó sì ti lẹ gbogbo ìpele pọ̀ di ẹyọ kan. Bí ẹ bá fi JPEG nìkan pamọ́, tí àwọn mọ̀lẹ́bí bá wá sọ pé àwọn ti yí àwọ̀ aṣọ ẹbí padà, ẹ ó tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni. Wọ́n sì máa yí i padà. Ẹ mọ àwa Yorùbá lórí ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí.

WhatsApp tún ni ọ̀rọ̀ mìíràn. Tí ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń fi fọ́tò ránṣẹ́, á fún un mọ́lẹ̀, àwọ̀ tó rọra ń yí láti fẹ́ẹ́rẹ́ dé ṣíṣú á di ìlà ìlà. Document ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ sì béèrè lọ́wọ́ oníbàárà náà kó fi Document ránṣẹ́ fún yín, nítorí fọ́tò tí ó ti kọjá lórí fóònù ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ìyàwó bàbá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, kò sí àwọ̀ tó lè tún un ṣe.

Bí ó bá sì jẹ́ títẹ̀ ni, ẹ rántí pé ìmọ́lẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣe àwọ̀, yíǹkì ni ilé ìtẹ̀wé fi ń ṣe é. Búlúù tó ń tàn yanran lójú kọ̀ǹpútà lè jáde ní elésè àlùkò tó kú, àwọn atẹ̀wé Ṣómólú lè sọ fún yín iye ìgbà tí wọ́n ti bá èèyàn jà lórí ẹ̀. Wọn ò jẹ̀bi. Fún bébà, ẹ jẹ́ kí fọ́tò tó 300 píksẹ́lì nínú ínńṣì kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sí, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan fún yín kí wọ́n tó tẹ ìyókù. Owó ẹyọ kan yẹn ò ní pa yín.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ yìí, kó mú ẹyọ kan tí wọ́n tẹ̀ yẹn lọ fún àgbà kan tó ti lé ní 60 ọdún, kó ní kó kà á sókè níbi tí iná ò ti mọ́lẹ̀ jù. Bí àgbà náà bá kà á já, ẹ tẹ ìyókù. Bí ó bá ń gbé e súnmọ́ imú, ẹ padà lọ gbé Opacity ìpele funfun yẹn sókè díẹ̀.